Ọwọ́ Òbí Ni Àṣírí Ọmọ Kọ́kọ́ Wà

Bí nọ́ńbà ọ̀pọ̀ òbí bá wà lórí fóònù yín bó ṣe wà lórí tèmi, ẹ ó mọ bí àárọ̀ ọjọ́ìbí ṣe máa ń rí lórí WhatsApp. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ìyá ọlọ́jọ́ìbí ti gbé àwòrán jáde lóríṣiríṣi: ọmọ nínú aṣọ ilé-ìwé tí báàjì àyà rẹ̀ hàn ketekete, ọmọ lẹ́nu géètì ilé, ọmọ pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀. Àdúrà á tẹ̀ lé e, orúkọ ọmọ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, oríkì rẹ̀, ọdún tó pé àti kíláàsì tó wà. Ìfẹ́ ló wà nídìí gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bímọ, tí ọmọ sì ń dàgbà lójú rẹ̀, ní ohun tó yẹ kó dúpẹ́ fún. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí kò rí ọmọ náà rí bá jókòó ti àwọn àwòrán yẹn díẹ̀, yóò mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé, ọjọ́ tí wọ́n bí i, ilé-ìwé tó ń lọ, àwọn àbúrò tó ní, àti bí iwájú ilé wọn ṣe rí. Ohun tó kù fún un kò ju pé kó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kó fi oríkì pe ọmọ, kó ní ìyá rẹ̀ ló rán òun wá mú un.

Mo ní ọ̀dọ́langba nílé, nílùú Ìbàdàn níbí. Iye wọn, orúkọ wọn àti ilé-ìwé wọn, ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ tèmi. Ìwọ̀nba ohun tí mo máa sọ nípa wọn nínú àròkọ yìí, mo ti gba àyè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Láti ìgbà tí fóònù ti wọ ọwọ́ wọn ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí, ibi tí ìrònú mi sì já sí nìyí: kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí àjèjì kò ṣe ní í rí àṣírí ọmọ lórí ayélujára, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọwọ́ àwa òbí. Ọmọ tó bá mọ̀ pé òbí òun kì í tú àṣírí òun ló máa sá tọ òbí náà wá lọ́jọ́ tí ewu bá dé. Èyí tí kò bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò dá ru ẹrù rẹ̀, ẹrù náà sì lè pa á.

Àwọn àgbà tó tọ́ wa kò ní fóònù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wọn. Bí àlejò bá bi ìyá ọlọ́mọ pé ọmọ mélòó lẹ bí, “a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ” ni yóò gbọ́. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń rin ìrìn àjò kì í pariwo rẹ̀ kí ọmọ tó gúnlẹ̀. Bí ọmọ bá sì ti ń bàlágà, àgbà tó gbọ́n kì í bá a wí lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́. Yóò pè é wọ yàrá, yóò tilẹ̀kùn, ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ kò sì ní í bá wọn jáde. Àwọn kan ń pe irú ìwà yìí ní ìbẹ̀rù ayé lásán. Èmi rí ọgbọ́n nínú rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ohun tó ti jáde kò ṣeé kó padà, wọ́n sì mọ̀ pé ọmọ ní iyì tirẹ̀ tó gbọ́dọ̀ bá a dàgbà. Lóde òní, status WhatsApp máa ń pòórá lẹ́yìn wákàtí 24, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá wò ó láàárín àkókò náà lè yà á sórí fóònù tirẹ̀, kó sì fi pa mọ́ fún ogún ọdún. Àwa tí à ń gbàdúrà láràárọ̀ pé kí Ọlọ́run bo àṣírí wa, ó yẹ kí iṣẹ́ ọwọ́ wa bá àdúrà wa mu.

Kì í ṣe àwòrán ọjọ́ìbí nìkan ni. Mo wà nínú gúrúùpù àdúrà kan tí ìyá kan ti bẹ àwọn ará pé kí wọ́n bá òun ké pe Ọlọ́run nítorí ọmọkùnrin òun tó ṣì ń tọ̀ sílé. Ọmọ náà ti wà nílé-ìwé girama, ìyá àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń jókòó ní kíláàsì sì wà nínú gúrúùpù kan náà. Ìyá yìí kò ní ibi kankan lọ́kàn. Ìdààmú ló bá a, ó sì gbé e lọ síbi tó rò pé ìrànlọ́wọ́ wà. Síbẹ̀, àìsàn tí dókítà lè wò nínú yàrá ìkọ̀kọ̀ ti di ohun tí gbogbo ìjọ mọ̀. Àwọn bàbá kan pẹ̀lú a máa ya fídíò ọmọ tí wọ́n ń bá wí, kí ayé lè rí i pé wọ́n ń kọ́ ọmọ wọn. Ọmọ ọdún 14 tí wọ́n bá ṣe báyìí fún kò ní í gbàgbé. Fídíò náà pàápàá kò ní í gbàgbé e, torí ọjọ́ tó bá ń wá iṣẹ́ tàbí ọjọ́ tó bá ń mú àfẹ́sọ́nà wálé, ó ṣì lè jáde níbi tí ẹnikẹ́ni ò retí.

Ibi tí pípa àṣírí ọmọ mọ́ ti máa ń nira jù fún wa ni àárín ẹbí, torí pé ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ kì í ṣe ti ìyá àti bàbá rẹ̀ nìkan. Nígbà tí èsì WAEC jáde, tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi sì yege, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí, wọ́n ní kí n fi ìwé èsì náà ránṣẹ́ kí àwọn gbé e sórí gúrúùpù ẹbí, kí gbogbo wa jọ yọ̀. Mo ní ẹ jẹ́ kí n bi ọmọ náà ná. Ohun tó sọ fún mi ni pé, “Mọ́mì, ẹ kàn sọ fún wọn pé mo yege. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwé yẹn hàn wọ́n.” Mo béèrè ìdí rẹ̀. Ó ní ọmọ bàbá kékeré ṣe ìdánwò kan náà, kò sì rí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ gbà. Bí wọ́n bá gbé èsì òun síta, ẹni gbogbo á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè tirẹ̀. Èmi tí mo bí i kò tíì ronú débẹ̀.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi padà. “Àǹtí mi, ẹ ṣé tí ẹ ń bá wa yọ̀. Ọmọ yín ti yege, ẹ bá wa dúpẹ́. Ìwé èsì náà ló ní kó wà lọ́dọ̀ òun.”

“Ṣé ọmọ ló ń pàṣẹ fún ọ báyìí ni?”

“Rárá o, ẹ má bínú. Èmi ni mo bi í léèrè, ó sì dá mi lóhùn.”

Inú wọn kò dùn lọ́jọ́ náà, mo sì mọ ìdí rẹ̀: àgbà ni wọ́n, ìfẹ́ ni wọ́n sì fi béèrè. Ṣùgbọ́n ọmọ náà wà nítòsí, ó gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ. Mo gbà pé ohun tó gbọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ṣe é láǹfààní ju gbogbo ìkìlọ̀ tí mo ti ṣe fún un nípa ayélujára lọ. Ó rí i pé ìyá òun lè dúró láàárín òun àti ẹni tó ju ìyá òun lọ nítorí ọ̀rọ̀ òun.

Àwọn òbí kan a máa sọ pé ọmọ tó ń jẹ nínú ilé mi kò ní àṣírí kankan sí mi. Òfin ilẹ̀ wa kò sọ bẹ́ẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2003 sọ ọ́ ní abala kẹjọ pé gbogbo ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ló ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara rẹ̀, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí fóònù. Nínú abala kan náà, òfin yìí fi kún un pé èyí kò gba ẹ̀tọ́ òbí láti máa bójú tó ìwà ọmọ bó ṣe tọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun méjèèjì ló wà pọ̀: àṣírí ọmọ àti àbójútó òbí. Àwọn tó ṣe òfin náà kò fi ọ̀kan pa èkejì, àwa náà kò sì gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan pa èkejì.

Àbójútó yàtọ̀ sí yíyọ́ wò. Àbójútó ni pé kí ọmọ ti mọ̀ ṣáájú ohun tí òbí yóò máa wò àti ìdí rẹ̀. Nínú ilé tiwa, gbogbo fóònù, títí kan tèmi àti ti bàbá wọn, inú pálọ̀ ni wọ́n ń sùn. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fóònù ní ọdún 13 mọ̀ pé a ó jọ máa wo àwọn tó ń bá a sọ̀rọ̀ àti ohun tó fi sórí fóònù náà. Bó ṣe ń dàgbà ni okùn náà ń gùn sí i, nígbà tó bá fi máa pé 17, a kì í wo ọ̀rọ̀ òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́. Ọmọ tí a bá ń yọ́ fóònù rẹ̀ wò lóru yóò kọ́ bí a ṣe ń ní fóònù kejì. Bí a bá rí àmì ewu, bí ọmọ kò bá jẹun mọ́, tí owó tàbí ẹ̀bùn tí a kò mọ orísun rẹ̀ dé ọwọ́ rẹ̀, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n nígbàkigbà tí fóònù bá dún, òbí lè wo fóònù náà, ó sì yẹ kó wò ó. Kó sọ fún ọmọ pé òun fẹ́ wò ó, kó jókòó tì í, kó sì jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ̀mí rẹ̀ ni òun ń wá.

Ibòmíràn wà tí àṣírí ọmọ ti ń bọ́ lọ́wọ́ wa láìfura: ìdí ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò. JAMB kò lè forúkọ ọmọ sílẹ̀ láìsí NIN, ọmọ sì gbọ́dọ̀ ní ímeèlì. Ọ̀pọ̀ òbí á kó gbogbo rẹ̀ lé ẹni tó wà ní kafe lọ́wọ́: òun ni yóò ṣí ímeèlì, òun ni yóò yan password, nọ́ńbà fóònù tirẹ̀ ni yóò sì fi síbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa ṣì lè wọ ímeèlì tí lẹ́tà ìgbaniwọlé ọmọ wa ń bọ̀ wá bá. Ilé ni kí ẹ ti ṣí ímeèlì náà pẹ̀lú ọmọ, nọ́ńbà fóònù tirẹ̀ tàbí tiyín ni kí ẹ lò, kí ẹ sì pààrọ̀ password lọ́jọ́ tí ẹ bá ti kafe dé. Àwòrán ìwé NIN ọmọ kò sì gbọ́dọ̀ wọ gúrúùpù kankan, ìbáà jẹ́ ti kíláàsì. Àkókò kan wà tí à ń rò pé ìjọba kò bìkítà fún irú nǹkan báyìí, ṣùgbọ́n ní ọdún 2023 ni Nàìjíríà ṣe òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ará ìlú, tó sì dá àjọ NDPC sílẹ̀ láti máa mú un ṣẹ. Òfin náà ní bí ilé-iṣẹ́ bá ń gba ìyọ̀ǹda kó tó lo ìsọfúnni nípa ọmọdé, òbí tàbí alágbàtọ́ ni yóò fọwọ́ sí i. Ó túmọ̀ sí pé ilé-ìwé tó fẹ́ fi àwòrán ọmọ yín polówó lórí Facebook gbọ́dọ̀ bi yín, ẹ̀yin náà sì lè kọ̀.

Ní ti ètò inú fóònù, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ ló mọ ibi tí à ń tẹ̀. Àwa la mọ èèyàn àti ohun tí èèyàn lè ṣe. Ẹ jọ jókòó pọ̀ lọ́jọ́ ìsinmi kan. Lórí WhatsApp, ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé àwọn tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù ọmọ nìkan ló lè rí àwòrán rẹ̀, tí wọ́n sì lè fà á wọ gúrúùpù. Ẹ fi nọ́ńbà àṣírí onídíjíìtì mẹ́fà kún ààbò akáǹtì rẹ̀, kí ọmọ sì mọ̀ pé kóòdù tí WhatsApp bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i kì í ṣe ohun tí à ń kà fún ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ pé ẹni náà ní ilé ìjọsìn tàbí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló rán òun. Nínú ètò kámẹ́rà, ẹ pa ibi tó ń kọ àdírẹ́sì ibi tí a ti ya àwòrán mọ́ àwòrán.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ló yẹ ká dúró lé lórí. Láti oṣù Kìíní ọdún 2021, TikTok máa ń ti akáǹtì ọmọ ọdún 13 sí 15 pa kí àjèjì má bàa wò ó. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, Instagram bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀ fún àwọn tí kò tíì pé 18, ẹni tí kò bá sì tíì pé 16 kò lè tú u láìjẹ́ pé òbí gbà. Ọjọ́ìbí tí ọmọ kọ síbẹ̀ ni gbogbo ààbò wọ̀nyí dúró lé. Ọmọ ọdún 12 tó kọ ọ́ pé òun ti pé 21 kí wọ́n lè gbà á wọlé ti já ara rẹ̀ sí ìhòòhò láàárín àgbàlagbà. Òbí tó bá bá a tẹ irọ́ náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn. Bí ọmọ kò bá tíì tó 13, ẹ jẹ́ kó dúró. Bó bá ti tó, òtítọ́ ni kí ẹ kọ.

Mo fẹ́ sọ ohun tó le báyìí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí Instagram, ó rò pé ọmọbìnrin ẹgbẹ́ òun ni. Wọ́n gba àwòrán ìhòòhò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì halẹ̀ mọ́ ọn pé àwọn yóò fi ránṣẹ́ sí ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí kò bá sanwó. Ó san 300 dọ́là, wọ́n ní kó tún mú wá. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Àwọn tó ṣe é jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò láti Èkó. Wọ́n kó wọn lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 2023, ilé ẹjọ́ sì rán ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 17 ààbọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Oṣù Keje ọdún kan náà ni ilé-iṣẹ́ Meta kéde pé àwọn ti pa akáǹtì Instagram bíi 63,000 rẹ́ ní Nàìjíríà nítorí irú iṣẹ́ ibi yìí.

Ohun tí àwọn oníṣẹ́ ibi yìí ń jẹ ni ìdákẹ́jẹ́ ọmọ. Wọ́n mọ̀ pé ọmọ náà bẹ̀rù òbí rẹ̀ ju bó ṣe bẹ̀rù àwọn lọ. Nítorí náà, kí ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ ni kí ọmọ ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín pé: “Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, àwòrán yòówù tó jáde, wá bá mi. Mi ò ní í lù ọ́, mi ò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni láìbi ọ́.” Bó bá wá, ẹ mú ìlérí náà ṣẹ. Ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ ya àwòrán gbogbo ìhalẹ̀ náà kí ẹ tó dínà mọ́ akáǹtì wọn, torí òun ni ẹ̀rí. Ẹ fi ẹjọ́ akáǹtì náà sun ìkànnì tó wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì lọ bá ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti ìwà ọ̀daràn orí ayélujára, NPF-NCCC. Ìkànnì ọ̀fẹ́ kan sì wà tó ń jẹ́ Take It Down, èyí tí àjọ NCMEC ní Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ fún ẹni tí kò tíì pé 18 nígbà tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀. Àwòrán náà kò ní í kúrò lórí fóònù ọmọ; àmì kan tí wọ́n fà yọ láti ara rẹ̀ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí Facebook, Instagram, TikTok àti àwọn mìíràn, kí wọ́n lè dá a mọ̀ kí wọ́n sì yọ ọ́.

Kò yẹ ká gbàgbé pé ìyá ló bí ọmọ tó kú ní Michigan, ìyá ló sì bí àwọn tó pa á. Àwa tí à ń tọ́mọ ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Àkúrẹ́, ẹ̀kọ́ méjì ló wà lọ́rùn wa. Ká kọ́ ọmọ bí yóò ṣe pa àṣírí tirẹ̀ mọ́, ká sì kọ́ ọ pé àṣírí ọmọlàkejì kì í ṣe ọjà. Ọmọ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi àwòrán hàn, tó gbé e lọ sí gúrúùpù kíláàsì kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín, ti fi ẹsẹ̀ kan wọ ọ̀nà tí àwọn ọ̀dọ́ Èkó yẹn tọ̀. Níbo ni yóò ti kọ́ ọ pé kò dára, bí àwa náà bá ń gbé àwòrán rẹ̀ kiri láìbi í?

Ní ọjọ́ tí ọmọ bá pé ọdún 18, òfin yóò gba ìyọ̀ǹda náà kúrò lọ́wọ́ wa, yóò fi lé e lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, òun ni yóò máa pinnu ẹni tó máa mọ èwo nínú ìtàn ayé rẹ̀. Bí a bá ti tú gbogbo rẹ̀ síta kí ọjọ́ náà tó pé, kí ló kù fún un láti pinnu? Nítorí náà, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó gbé àwòrán ọmọ yín jáde, ẹ bi í. Bó bá ní rárá, ẹ gbà fún un, kódà bí inú ẹ̀gbọ́n yín kò bá dùn. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àjèjì yóò béèrè ohun tí kò yẹ lọ́wọ́ ọmọ náà, tí ẹ ò sì ní í sí níbẹ̀. Ọmọ tí a gbọ́ “rárá” rẹ̀ nílé ni yóò lè sọ ọ́ lóde.